Bí Iná Sólà Bá Ń Kú Kí Ilẹ̀ Tó Mọ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Láti ìgbà tí epo bẹntiróòlù ti wọ́n gógó lọ́dún 2023, ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó ló ti pa jẹnẹrétọ̀ tì, tí wọ́n gbé páńẹ́lì sórí òrùlé. Ẹjọ́ tí mò ń gbọ́ jù lẹ́nu onílé ni pé bátìrì ti kú. Bá a bá wá fi mítà wọ̀n ọ́n, lọ́pọ̀ ìgbà, bátìrì kọ́ ló jẹ̀bi. Owó bátìrì kì í ṣe owó kékeré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn nǹkan kẹ́ ẹ tó náwó.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Bátìrì ọlọ́mi méjì ni mo ní, 12V 220Ah ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ínfátà 3.5kVA àti páńẹ́lì 300W mẹ́rin. Ìbàdàn ni mo wà. Fíríìjì, fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù mẹ́fà là ń lò. Tó bá ti di aago kan òru, ínfátà á ké, á sì pa. Onísólà ní kí n ra bátìrì méjì sí i. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣírò. Ẹ fi 12 sọ 220 di púpọ̀, kẹ́ ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 5,280Wh nìyẹn, ìyẹn iye iná tó wà nínú wọn (wáàtì tí a lò lọ́nà iye wákàtí tí a fi lò ó). Bátìrì ọlọ́mi kò fẹ́ ká lò ó kọjá ààbọ̀. Bá a bá ń fà á gbẹ lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kú. Nítorí náà, 2,640Wh ló wà nílẹ̀ fún yín lóru.

Kí lẹ wá ń lò? Fíríìjì 150W tó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ tó ń sinmi díẹ̀, ẹ ka tirẹ̀ sí 75W. Fáànù méjì, 140W. Tẹlifíṣọ̀n àti dékódà, 120W. Gílóòbù mẹ́fà, 60W. Ínfátà pàápàá ń jẹ tirẹ̀, ó tó nǹkan bíi 50W, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ tan nǹkan kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 445W. Láti aago méje alẹ́ dé aago kan òru jẹ́ wákàtí mẹ́fà, ó sì di 2,670Wh. Bátìrì yín ò ṣàìsàn rárá. Ó ti ṣe gbogbo ohun tí agbára rẹ̀ ká.

Iye tí wọ́n kọ sára ínfátà ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. 3.5kVA ń sọ bí ẹrù tí ínfátà lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà ṣe tó. Kò sọ iye wákàtí tó máa fi gbé e. Fífẹ̀ ẹnu kẹ́ẹ̀gì nìyẹn, bátìrì ni omi inú rẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá sì ra bátìrì láìfi páńẹ́lì kún un, wàhálà mìíràn lẹ fowó rà. Páńẹ́lì yín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 1,200W. Oòrùn tó mú dáadáa kì í ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lójúmọ́ lọ níhìn-ín. Bá a bá yọ èyí tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà kúrò, ẹ má retí ju nǹkan bíi 3,400Wh lọ, fíríìjì àti fáànù ọ̀sán á sì tún jẹ nínú rẹ̀. Ìyẹn ò lè kún bátìrì mẹ́rin, pàápàá ní oṣù keje àti ìkẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń ṣú. Bátìrì ọlọ́mi tí kì í kún, ńṣe ni iyọ̀ funfun líle máa ń dì mọ́ òjé inú rẹ̀, ìyẹn ló sì ń pa á.

Tó bá jẹ́ ilé mi ni, màá pa fíríìjì láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di aago mẹ́fà àárọ̀, màá sì rí i pé ẹnikẹ́ni ò ṣí i. Màá fi fáànù DC (DC ni irú iná tó ń ti páńẹ́lì àti bátìrì jáde) tí kì í gbà ju 25W lọ pààrọ̀ fáànù méjèèjì. Aṣọ lílọ̀ àti omi fífà sí táńkì, ọ̀sán gangan ni. Bí tẹlifíṣọ̀n bá kú láago mọ́kànlá, tó ku gílóòbù kan ṣoṣo, nǹkan bíi 2,100Wh lẹ máa lò títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí owó bá wà lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ra páńẹ́lì kẹ́ ẹ tó ra bátìrì.

Ìbéèrè: Bátìrì mẹ́rin ni mo ní, wọ́n ti lo ọdún mẹ́ta. Mo fi tuntun pààrọ̀ ẹyọ kan. Síbẹ̀, iná ṣì ń kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìdáhùn: Tuntun àti ogbó kì í bára wọn ṣe. Bí wọ́n bá so wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, iná kan náà ló ń gba inú gbogbo wọn kọjá. Ogbó á kún kíá, á gbẹ kíá, ínfátà á sì pa nítorí rẹ̀ nígbà tí tuntun ṣì ní agbára. Ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, kẹ́ ẹ fi mítà wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá wà ní 12.7V kún, 12.2V ti dé ààbọ̀. Bí ẹyọ kan bá wà ní nǹkan bíi 10.5V nígbà tí àwọn yòókù wà lókè 12V, yàrá kan nínú mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀ ló ti kú. Ẹ kó owó jọ kẹ́ ẹ lè pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Bó bá jẹ́ lithium lẹ fẹ́ rà, ẹ má so ó pọ̀ mọ́ ọlọ́mi, kẹ́ ẹ sì rí i pé onísólà yí irú bátìrì tó wà nínú ètò ínfátà padà kó tó lọ.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, omi bátìrì mi ti lọ sílẹ̀. Ọmọkùnrin tó wá wò ó ní òun á da ásíìdì sí i. Ṣé kó dà á?

Ìdáhùn: Rárá o, Màmá. Omi nìkan ló ń gbẹ, ásíìdì ò kúrò níbẹ̀. Distilled water ni kí wọ́n rà, kì í ṣe omi kànga, kì í sì í ṣe pure water. Kó bo òjé inú rẹ̀, kó má kún dé ẹnu. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tan àbẹ́là tàbí ṣáná sí i láti fi wo inú rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára bátìrì lè gbiná. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé yàrá tó wà máa wà ní ṣíṣí.

Ìbéèrè: Páńẹ́lì mi jẹ́ 1,600W, àmọ́ lọ́sàn-án gangan, 700W ni mò ń rí.

Ìdáhùn: Ṣé bátìrì ti kún nígbà yẹn? Bó bá ti kún, tí ilé ò sì lo nǹkan púpọ̀, ohun tí a bá béèrè lọ́wọ́ páńẹ́lì nìkan ló máa mú wá. Ẹ tan áyọ́ọ̀nù fún ìṣẹ́jú kan. Bí 700W bá fò sókè, kò sí nǹkan tó ṣe é.

Bí kò bá kúrò lójú kan, ẹ gun òkè lọ wò ó. Òjìji táńkì tàbí ẹ̀ka máńgòrò tó bọ́ sórí páńẹ́lì kan lè fa gbogbo àwọn tí wọ́n so tẹ̀ lé ara wọn sẹ́yìn. Eruku ọ̀yẹ́ náà ń dí wọn lójú; ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ fọ̀ ọ́ ní ìdájí, ẹ má da omi tútù sí i lọ́sàn-án tó bá ti gbóná. Ooru náà wà ńbẹ̀: 25°C ni wọ́n ti wọn iye tí wọ́n kọ sára páńẹ́lì, ó sì lè kọjá 60°C lórí páànù. Nínú 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15 tó ń bá ooru yẹn lọ. Àwọn tó lẹ páńẹ́lì mọ́ páànù láìfi àyè sílẹ̀ fún atẹ́gùn kò ṣe dáadáa sí onílé.

Ìbéèrè: Mo ní sólà, síbẹ̀ owó NEPA mi ò dínkù.

Ìdáhùn: Ẹ wo ètò nọ́ńbà 01 nínú ínfátà yín, ibẹ̀ ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà fún wa. Bó bá wà lórí UTI, NEPA ló ń gbé ilé, sólà kàn ń wòran. SBU ni kẹ́ ẹ yàn: sólà ṣáájú, bátìrì tẹ̀ lé e, NEPA gbẹ̀yìn. Ó ṣe pàtàkì gan-an fún ẹni tó wà ní Band A (àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún), tí owó yúnítì kan fò láti ₦68 sí ₦225 ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Fún bátìrì ọlọ́mi, ẹ jẹ́ kí onísólà ṣètò ibi tí ínfátà á ti padà sí NEPA kó tó lò ó kọjá ààbọ̀.

Ìbéèrè: Nǹkan ń rùn bíi rọ́bà tó ń jóná níbi tí wáyà páńẹ́lì ti wọlé.

Ìdáhùn: Ẹ má fọwọ́ yọ wáyà yẹn. Iná páńẹ́lì máa ń ta sí ni bá a bá fà á yọ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ó sì lè jó ènìyàn. Ẹ pa gbogbo ohun tó ń lo iná, ẹ wá pa búrékà páńẹ́lì, lẹ́yìn náà ti bátìrì. Bó bá ti ń jó, ẹ má da omi sí i. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde, kẹ́ ẹ pe panápaná. Bẹ́ ẹ bá wá pe oníṣẹ́, ẹ ní kó fi búrékà inú àpótí náà hàn yín. Bí wọn ò bá kọ DC sára rẹ̀, búrékà ilé lásán ni wọ́n fi síbẹ̀. Kò lè gé iná páńẹ́lì dáadáa. Ó di dandan kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n sì pààrọ̀ orí wáyà tó ti yọ́ pẹ̀lú irú kan náà ní apá méjèèjì. Kí wọ́n má ṣe fi téèpù dì í.