Bí Mo Ṣe Ya Máàpù Ògbómọ̀ṣọ́ Sára Ògiri Kíláàsì

Nínú ìwé máàpù tí a ń lò nílé ẹ̀kọ́ wa, àmì dúdú kékeré kan báyìí ni Ògbómọ̀ṣọ́, láàárín Ọ̀yọ́ àti Ìlọrin. Ó ń bí mi nínú. Ni mo bá ra páálí ńlá, máákà, òwú aláwọ̀ mèremère àti gọ́ọ̀mù, mo ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jẹ́ ká ya tiwa, kó tóbi débi tí kálukú á fi rí agboolé bàbá rẹ̀.

Ọ̀nà ni mo kọ́kọ́ fà. Ẹni tó bá fi àdúgbò bẹ̀rẹ̀ máa há sáàárín ilé. Mo fa ọ̀nà Ọ̀yọ́, èyí tó gba ibẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, mo fa ti Ìlọrin sókè, mo fa ti Òṣogbo àti ti Ìkòyí-Ilé. Lẹ́yìn náà mo fi máákà pupa fa ojú irin: Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀ffà, Ìlọrin. Kò tilẹ̀ yà kí wa! Àwọn ọmọ pariwo. Mo ní ẹ sinmi, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ní 1907 tí rélùwéè dé Òṣogbo, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra ọjà oko ya bo ibẹ̀. Àwọn tiwa kò jókòó dúró de rélùwéè, àwọn ló di ẹrù wọn tẹ̀ lé ọjà lọ.

Àárín ìlú kò le. Mo fi ààfin Ṣọ̀ún, ọba wa, síbẹ̀, pẹ̀lú Tàkìé àti Ọjà Jágun. Ìtàn Ògúnlọlá, ọdẹ tó tẹ ìlú wa dó, àti Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, jagunjagun tó ṣẹ́gun, ọmọ wo ni kò mọ̀ ọ́n nílé wa? Àmọ́ àwọn ọdẹ mìíràn ti wà nítòsí kí Ògúnlọlá tó dé, wọ́n ní Ààlè wà ní Òkè-Ẹlẹ́rìn, Ohunsílé wà ní Ìjẹ̀rù. Mo fi àwọ̀ ewé kun àwọn ibẹ̀ yẹn.

Ibi tó gba àkókò ni àwọn agboolé tó kù. Nígbà tí ogun Fúlàní ń tú ìlú Ọ̀yọ́ Ilé ká ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, Ògbómọ̀ṣọ́ kò fọ́, ni àwọn ará Ìkòyí, Ìrẹsà àti ìlú mìíràn bá ń sá wọ inú odi wa. Mo ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ béèrè nílé, kó wá na òwú láti ìlú tí babańlá rẹ̀ ti wá sí àdúgbò tó ń gbé. Láìpẹ́, òwú bo páálí. Bàbá àgbà kan tẹ̀ lé ọmọ ọmọ rẹ̀ wá, wọ́n sún mọ́ ògiri, wọ́n ní:

“Tíṣà, ta ló ní kí o gbé ilé wa sẹ́yìn ilé àwọn yìí? Àwa la gbà wọ́n lálejò.”

“Ẹ má bínú, bàbá,” ni mo wí, mo sì ṣí i. Ìdílé kejì kò tíì dá mi lóhùn lórí ìyẹn.

Oko àti ọjà, mo yára kùn wọ́n: ẹ̀gẹ́, iṣu, kájú àti máńgòrò láti Surulérè, Oríire àti Ògo-Olúwa, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó yí wa ká. Ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi wà níbẹ̀, míṣọ́nárì wọn, Bowen, ti dé láti 1855. LAUTECH, yunifásítì ìlú wa tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, gba igun tirẹ̀. Ẹ wo Under-G, àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gbé, bí wọ́n bá lọ sílé, ẹ óò mọ ohun tó ń gbé owó wọ ìlú lónìí.

Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan béèrè pé, “Sà, Tamale ńkọ́? Ibẹ̀ ni wọ́n bí màmá àgbà mi sí.” Òótọ́ ni. Àwọn oníṣòwò wa pọ̀ ní Gáńà kí ìjọba Busia tó ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kó jáde ní 1969, ọ̀pọ̀ sì padà wálé lọ́wọ́ òfìfo. Máàpù Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò ní Gáńà, àbọ̀ ni. A lẹ páálí mìíràn mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì, a na òwú dé Tamale àti Accra, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fèrèsé. Kánò àti Jọ́ọ̀sì ló kù báyìí, ẹ̀gbẹ́ pátákó ìkọ̀wé ni wọ́n máa bọ́ sí.