Ṣúgà Nìkan Kọ́ Lẹ Máa Wò Lára Agolo: Ìtọ́sọ́nà fún Ilé Tó Ń Ra Ẹ̀fọ́ Inú Agolo àti Ti Inú Fíríísà

Ìwé yìí wà fún ilé tí ẹnì kan ti ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí dókítà ti kìlọ̀ fún pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń gòkè. A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀fọ́, ẹ ti mọ ìyẹn. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí à ń rí ṣáá ló mú ká kọ ọ́: èèyàn á gbé agolo, á rí i níwájú pé wọ́n kọ "No added sugar", tó bá tiẹ̀ gbìyànjú díẹ̀ á yí ẹ̀yìn rẹ̀ wo ìlà "Sugars", tí nọ́ńbà ibẹ̀ bá ti kéré, ó parí nìyẹn, ó ti jù ú sínú apẹ̀rẹ̀. Ṣúgà nìkan kọ́ ló ń gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ gòkè o! Sítáàṣì náà ń bẹ níbẹ̀, tó bá ti dénú, glucose, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ló ń dà.

Ẹ wo pòtétò gígé tí wọ́n ń tà nínú fíríísà. Nínú 100 gíráàmù rẹ̀, "Sugars" kì í sábà pé gíráàmù 1, àmọ́ kábọ̀háídíréètì ibẹ̀ (ìyẹn ṣúgà, sítáàṣì àti irú wọn lápapọ̀; a ó máa pè é ní kábọ̀ láti ìsinsìnyí lọ, orúkọ yẹn ti gùn jù) máa ń tó bíi 25. Kárọ́ọ̀tì agolo ńkọ́? Ṣúgà rẹ̀ tó bíi gíráàmù 2 àbọ̀, kábọ̀ rẹ̀ lápapọ̀ ò sì ju bíi 5 àbọ̀ lọ. Ẹni tó ń wo ṣúgà nìkan á sá fún kárọ́ọ̀tì, á gbé pòtétò, á wá máa ráhùn pé òògùn òun ò ṣiṣẹ́ mọ́.

Ìlà tí ẹ máa wò ni "Carbohydrate" tàbí "Total Carbohydrate", kẹ́ ẹ sì fi 100 gíráàmù wé 100 gíráàmù. Ẹ má fi "serving", ìyẹn ìwọ̀n tí iléeṣẹ́ pè ní ìjẹ ẹ̀ẹ̀kan, wé "serving", torí iléeṣẹ́ kan lè pe 80 gíráàmù ní serving kan kí òmíràn pe 130, ẹni tó bu kékeré á wá dà bíi pé tiẹ̀ ló dáa jù. Tí wọn ò bá kọ 100 gíráàmù síbẹ̀, ẹ fi ìwọ̀n serving pín iye kábọ̀ rẹ̀, kẹ́ ẹ sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 100. Serving 125 gíráàmù tó ní kábọ̀ 15, á jẹ́ 12 nínú 100. Fóònù yín lè ṣe é, ẹ má sọ pé ìṣirò le. Kẹ́ ẹ tún wò ó bóyá "drained" ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ti da omi agolo nù kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.

Ti fáíbà, ìyẹn okun inú ẹ̀fọ́ tí ara kì í sọ di ṣúgà, ló máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Lébẹ̀lì Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n kọ "Nutrition Facts" sí, ti ka fáíbà mọ́ kábọ̀, torí náà ẹ lè yọ ọ́. Ti ilẹ̀ Yúróòpù, tó máa ń kọ "of which sugars", ò kà á mọ́ ọn rárá, tí ẹ bá tún yọ ọ́, ara yín lẹ̀ ń tàn.

Bí kábọ̀ àwọn ẹ̀fọ́ yìí ṣe tò tẹ̀lé ara wọn nìyí, nínú 100 gíráàmù, tẹ́ ẹ bá ka fáíbà mọ́ ọn: spinach àti broccoli inú fíríísà, green beans àti tòmátò agolo, gbogbo wọn wà láàárín bíi 3 sí 5. Kárọ́ọ̀tì ló tẹ̀ lé wọn, beetroot lásán tó bíi 7. Green peas tó bíi 12, ó ṣì dáa díẹ̀ torí fáíbà rẹ̀ lé ní 4. Àgbàdo agolo tó bíi 14, fáíbà rẹ̀ ò ju bíi 2 lọ, èyí tí wọ́n sì lọ̀ tó kì bí ọbẹ̀ á tó 18. Ẹ̀wà inú ọbẹ̀ tòmátò aládùn máa ń tó bíi 20, ṣúgà sì wà nínú ọbẹ̀ yẹn.

Fíríísà ò ṣẹ̀ yín, agolo náà ò ṣẹ̀ yín, ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Beetroot tó jẹ́ 7 yẹn, tí wọ́n bá rẹ ẹ́ sínú fínígà aládùn, ó lè di 16. Ẹ ka ohun tí wọ́n fi ṣe é, èyí tó wúwo jù ni wọ́n ń kọ ṣáájú, tẹ́ ẹ bá rí dextrose, glucose syrup tàbí maltodextrin, ẹ dá a padà. Maltodextrin gan-an burú fún ẹni tó ń wo "Sugars" nìkan, torí púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í hàn níbẹ̀, ó sì ń yára gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ gòkè.

Nínú àwo, ẹ jẹ́ kí àwọn tí kábọ̀ wọn kéré gba ìdajì. Àgbàdo, green peas àti pòtétò ò sí lára ìdajì yẹn, ẹ̀gbẹ́ ìrẹsì àti búrẹ́dì ni ẹ kó wọn sí, ìdá kan nínú mẹ́rin àwo péré. Àgbàdo tàbí green peas tó kún ìdajì ife, ìyẹn bíi 120 mílílítà, ti súnmọ́ kábọ̀ 15. Àwọn kan ń bu ife méjì torí pé "ẹ̀fọ́ ṣáà ni".

Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà, ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó jẹun, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n ní wákàtí 2 lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì ẹ pààrọ̀ ẹ̀fọ́ nìkan, ẹ má pààrọ̀ oúnjẹ yòókù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ò ní mọ èyí tó ṣe é. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ tí kò lóyún, kò yẹ kó tó 180 mg/dL ní wákàtí 2 yẹn, ìyẹn 10 lórí ẹ̀rọ tó ń lo mmol/L.

Ẹni tó ń gún insulin tàbí tó ń lo glibenclamide (oògùn oníhóró tó ń mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀) kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé gé kábọ̀ kù láìsọ fún dókítà, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀. Tó bá ti dín ní 70 mg/dL, gíráàmù 15 glucose tàbí ṣúgà lásán ni kó lò, kó tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, tí kò bá tíì gòkè kó tún un lò. Kó má fi green peas tọ́jú rẹ̀, ìyẹn á pẹ́ jù.