Omi gbígbóná ló ń ba iṣẹ́ ètù ìbẹ́pẹ mi jẹ́

Ọyẹ́ Kétu kì í ṣeré. Ojú mi ń bó lẹ́bàá imú, mo sì ń fi kàn-ìn-kàn-ìn ha á títí ó fi pọ́n, tó ń ta mí.

Àbúrò ìyá mi ní Àjàṣẹ́ ló ní, "Ọmọ mi, ojú kì í ṣe ìdí ìkòkò, yéé ha á." Ó fún mi ní ètù papéènì, èròjà inú oje ìbẹ́pẹ tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Ó máa ń já purotéènì tó so awọ tó ti kú mọ́ra, láìsí pé a ń ha ara.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò sí ìyàtọ̀. Omi gbígbóná ni mo fi ń pò ó! Ooru tó bá pọ̀ jù sì máa ń pa agbára ẹ́ńsáìmù. Mo wá ń fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pò ó ní àtẹ́lẹwọ́, mo fi sójú fún ìṣẹ́jú 1, mo ṣàn án, mo fi òrí pa á kó tó gbẹ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ péré. Ojú mi ti jọ̀lọ̀ báyìí.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní apá, pàápàá ẹni tí ìbọ̀wọ́ rọ́bà máa ń yún lára, torí ara irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè kọ papéènì náà. Ẹ má sì fi oje ìbẹ́pẹ dúdú pa ojú, ẹ jọ̀wọ́. Ó lè bó yín lára.