Certificat de travail nìkan ò tó: bẹ́ẹ ṣe máa fi ẹ̀rí iṣẹ́ yín han Kánádà

Ẹ̀yin èèyàn mi ní Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ́ tẹ́ẹ ń múra Kánádà lórí Entrée express, ìyẹn ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí Kánádà fi ń yan àwọn òṣìṣẹ́ tó fẹ́ wá gbé níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Èèyàn á gba máàkì tó dáa nínú ìdánwò Faransé, á ní díplómà, ìwé iṣẹ́ á wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Téèyàn bá kúrò níbi iṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, òfin ní kí ọ̀gá fún un ní certificat de travail, ohun tó sì máa ń wà nínú ẹ̀ ò ju ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde, àti irú iṣẹ́ tó ṣe. Ìyẹn tó fún ọ̀gá tuntun níbí. Àmọ́ ẹni tó máa ka dósíyè yín ní IRCC, iléeṣẹ́ ìjọba Kánádà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ wá gbé níbẹ̀, ò mọ̀ yín, kò mọ ọ̀gá yín, "comptable" tí wọ́n kọ síbẹ̀ ò lè sọ fún un ohun tẹ́ẹ ń fọwọ́ ara yín ṣe láti àárọ̀ dalẹ́.

Kẹ́ẹ tó lọ bá ọ̀gá kankan, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá iṣẹ́ náà wọlé. Nínú ètò àwọn òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́, ti ìjọba àpapọ̀ Kánádà, wọ́n fẹ́ ó kéré tán ọdún 1 tó tẹ̀ léra láàárín ọdún 10 tó kọjá, wákàtí 30 lọ́sẹ̀, gbogbo ẹ̀ á jẹ́ wákàtí 1,560. Ẹni tó ń ṣe wákàtí 15 lọ́sẹ̀ náà lè kà á, kó ṣáà ti ṣe é fún ọdún 2. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti sanwó fún yín. Stage tí wọn ò sanwó ẹ̀ ò wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọdún tẹ́ẹ fi kọ́ṣẹ́ láìgbowó kẹ́ẹ tó gba òmìnira, ó dùn mí láti sọ ọ́ torí mo mọ bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń jìyà tó, àmọ́ bí òfin wọn ṣe rí nìyẹn.

Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú ìwé tí ìjọba Kánádà to gbogbo iṣẹ́ sí, tí wọ́n ń pè ní CNP, nọ́ńbà márùn-ún ló wà nínú kóòdù kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣìkejì ló ń sọ ipele ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní FEER, ipele 0, 1, 2 àti 3 nìkan ló sì wọlé. Oníná jẹ́ 72200, ó wọlé. Mẹkáníìkì ọkọ̀ jẹ́ 72410, òun náà wọlé. Ẹni tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù jẹ́ 64100, kò wọlé, ì báà ti ṣe é fún ogún ọdún. Ẹ má sì tẹ̀ lé orúkọ tí wọ́n fi ń pè yín níbi iṣẹ́: ẹnì kan lè máa jẹ́ sẹ́kìtírì ní bíró kan ní Ouando, kó sì jẹ́ òun ló ń kọ ìwé owó, òun ló ń ṣírò owó oṣù, òun ló ń kọ ti owó orí, 12200 nìyẹn máa sún mọ́ jù, kóòdù àwọn tó ń bójú tó ìwé owó.

Ó wá ku lẹ́tà ọ̀gá, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Orí ìwé tó ní orúkọ iléeṣẹ́ ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, pẹ̀lú àdírẹ́ẹ̀sì, tẹlifóònù àti ímeèlì. Orúkọ yín, gbogbo ipò tẹ́ẹ ti dì mú níbẹ̀ àti ọjọ́ tẹ́ẹ bẹ̀rẹ̀ àtọjọ́ tẹ́ẹ parí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tẹ́ẹ bá ṣì wà níbẹ̀ kí wọ́n kọ ọ́ pé ẹ ṣì wà níbẹ̀, iye wákàtí lọ́sẹ̀, iye owó lọ́dún ní sẹ́fà pẹ̀lú àfikún tẹ́ẹ ń gbà, àti àwọn iṣẹ́ tẹ́ẹ ń ṣe. Kí ọ̀gá yín gan-an tàbí ẹni tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ kọ orúkọ àti ipò ẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kó lu òǹtẹ̀.

Àwọn ọ̀gá wa fẹ́ràn láti máa kọ ọ́ pé lágbájá jẹ́ ọmọlúwàbí, kì í pẹ́ dé, ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ó dáa, àmọ́ kò ní ka nǹkan kan fún yín níbẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ kà ni iṣẹ́. Oníná kan lè kọ pé òun ń fa wáyà sínú ilé tuntun, òun ń to bọ́ọ̀dù kọ̀ńtà, òun ń fi ẹ̀rọ wò ó bóyá iná ń jò, òun ń ka pílánù ilé kí òun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka ohun tí CNP kọ sábẹ́ kóòdù yín, kẹ́ẹ rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ lẹ ń ṣe lóòótọ́, kẹ́ẹ wá fi ọ̀rọ̀ ara yín kọ ọ́. Ẹ má dà á kọ ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀ o, àwọn tó ń ka lẹ́tà náà mọ ìwé yẹn ju gbogbo wa lọ, ó sì máa mú wọn fura.

Ẹ má retí pé ọ̀gá á jókòó kọ gbogbo èyí fúnra ẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ gbé e lọ bá a nígbà tí ara bá tù ú, ẹ kúnlẹ̀ tàbí kẹ́ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ ní "Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo èyí, ibi tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ kẹ́ẹ tún un ṣe." Tẹ́ẹ bá ń bẹ̀rù pé á bínú pé ẹ fẹ́ lọ, ẹ mú àgbà kan tó ń bọ̀wọ̀ fún dání. Kẹ́ẹ sì sọ fún un pé wọ́n lè pè é láti Kánádà, kí nọ́ńbà tó wà lórí lẹ́tà jẹ́ èyí tó ń gbé.

Lẹ́tà ò gbọ́dọ̀ dá nìkan lọ. Ẹ so kọ́ńtíráàtì mọ́ ọn, bulletin de paie (ìwé owó oṣù), ìwé CNSS (àjọ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́) tí wọ́n bá ń san án fún yín, ìwé báńkì. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n ti ń sanwó pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ bẹ ọ̀gá kó kọ iye ẹ̀ sínú lẹ́tà, ẹ wá ibi tí owó yẹn ti wọ báńkì tàbí MoMo yín.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ dá iṣẹ́ sílẹ̀, ìwé tẹ́ẹ fọwọ́ ara yín kọ pé iṣẹ́ báyìí lẹ ń ṣe ò wọlé rárá, kódà kẹ́ẹ búra lé e lórí. IFU (nọ́ńbà owó orí yín), RCCM (ìwé tẹ́ẹ fi forúkọ òwò yín sílẹ̀), ìwé owó orí, àwọn facture, àti lẹ́tà látọ̀dọ̀ oníbàárà tó sọ iṣẹ́ tẹ́ẹ ṣe fún un àti iye tó san, ìyẹn ni wọ́n ń gbà.

Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní Èkó tàbí ní Ìmẹ̀kọ, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì yín dáa, Faransé dáa, wọn ò ní ní kẹ́ẹ túmọ̀ ẹ̀. Tí iléeṣẹ́ bá ti kógbá sílé tàbí tí ọ̀gá kọ̀ jálẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà àlàyé, ẹ sọ bó ṣe rí gan-an àti bẹ́ẹ ṣe bẹ̀ ẹ́, kẹ́ẹ kó àwọn ẹ̀rí yòókù jọ, lẹ́tà ẹni tẹ́ẹ jọ ṣiṣẹ́ náà lè kún un, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ka dósíyè ni ìpinnu wà. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bá yín ṣe ayédèrú lẹ́tà, tí wọ́n bá rí i, ọdún 5 ni wọ́n máa fi tì yín síta.

Látìgbà tí ìwé ìpè, èyí tí IRCC fi ń sọ pé kẹ́ẹ wá béèrè ìwé ìgbélùú, bá ti dé, ọjọ́ 60 péré lẹ ní láti fi gbogbo ìwé ránṣẹ́, ọ̀gá lè rin ìrìn àjò, òǹtẹ̀ lè wà ní Kútọnu. Lẹ́tà iṣẹ́ ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ wá, kẹ́ẹ tó ṣí pọ́rófáìlì lórí Entrée express rárá.