Bí A Ṣe Ń Yẹ Àbájáde Ìdíje HYROX Wò
Nínú ìdíje HYROX, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Hamburg ní Jámánì lọ́dún 2017, eléré máa ń sá kìlómítà kan lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, iṣẹ́ agbára kan sì máa ń tẹ̀ lé ìsáré kọ̀ọ̀kan. Kọ àkókò ìsáré mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí o sì fi ìkejì wé ìkeje, nítorí pé ìkíní sábà máa ń yá jù. Bí ìkeje bá fi púpọ̀ lọ́ra jù, ó ṣeé ṣe kí eléré náà ti ná agbára rẹ̀ tán níbẹ̀rẹ̀, tàbí kí sísáré lẹ́yìn iṣẹ́ agbára, bíi títi ẹrù, má tíì mọ́ ọn lára. Lójú tèmi, kí ó máa ti ẹrù wíwúwo fún mítà 50, kí ó sì sá kìlómítà kan lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ka àkókò tí ó ń lọ láàárín ìsáré àti iṣẹ́ pẹ̀lú.