Bí skánà kò bá gbọ́ dáadáa mọ́ lẹ́yìn firmware tuntun

Ní Badagry, kí ẹ tó fi firmware (ètò inú tó ń darí ẹ̀rọ) tuntun sí skánà, ìyẹn rédíò tó ń yẹ ọ̀pọ̀ ìkànnì wò láti gbọ́ wọn, ẹ wá rédíò FM kan tó ń wọlé fẹ́ẹ́rẹ́ láti òdìkejì ẹnubodè. Ẹ kọ ibi tí áńtẹ́nà dúró sí àti nọ́ńbà squelch (ohun tó ń pa ariwo mọ́ tí kò bá sí àmì) tí ariwo ti ń dákẹ́. Bátìrì gbọ́dọ̀ kún: bí iná bá lọ láàárín, ẹ̀rọ lè kú pátápátá.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi firmware náà sí i, ẹ dán rédíò yẹn wò níbi kan náà gan-an. Bó bá ti rẹlẹ̀, ẹ má tíì dá áńtẹ́nà lẹ́bi o! Attenuator, tó ń dín agbára àmì kù, lè ti tàn fúnra rẹ̀, tàbí kí squelch ti ga. Ẹ dá wọn padà. Lórí skánà Uniden SDS100, ẹ yẹ Filter, tó ń sẹ́ àmì tí a kò fẹ́ kúrò, wò pẹ̀lú. Èyí tó dára fún 156.800 MHz àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi lè má bá ti ọkọ̀ òfúrufú mu.