Bí Mo Ṣe Yan Teleconverter fún Lẹ́ńsì 70-200mm Mi

Lẹ́ńsì tí mo ń lò ni Nikon AF-S 70-200mm f/2.8G VR II, èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2009, kámẹ́rà tí mo sì ń so ó mọ́ ni Nikon D500. Nọ́ńbà mm ń sọ bí lẹ́ńsì ṣe lè fa nǹkan súnmọ́ tó, nọ́ńbà f/ sì ń sọ bí ojú rẹ̀ ṣe ṣí tó: bí nọ́ńbà f/ bá ṣe kéré tó ni ojú náà ṣe ń fẹ̀ tó. Fún ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ, lẹ́ńsì yìí tó mi, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn apẹja àti àwọn ẹyẹ tó wà létí ọ̀sà, ní ẹ̀yìn Yunifásítì Èkó ní Akọkà, ni 200mm ti ń ku díẹ̀ káàtó. Ẹyẹ kékeré aláwọ̀ dúdú àti funfun kan wà níbẹ̀ tó máa ń dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́, tí yóò máa lu ìyẹ́ kíkankíkan, kó tó já lu omi láti gbé ẹja. Nínú fọ́tò mi, kò ju èékánná lọ. Owó lẹ́ńsì 600mm ojúlówó kọjá agbára àpò mi, nítorí náà teleconverter ló kù tí mo lè rò.

Teleconverter jẹ́ òrùka onígíláàsì tí a máa ń fi sáàárín lẹ́ńsì àti kámẹ́rà, kó lè fẹ àwòrán tí lẹ́ńsì gbé wá lójú. Mẹ́ta nínú èyí tí Nikon ṣe tó bá lẹ́ńsì mi mu ni mo gbé yẹ̀ wò. TC-14E III ń sọ 200mm di 280mm, ó sì ń sọ f/2.8 di f/4. TC-17E II ń sọ ọ́ di 340mm ní f/4.8, TC-20E III sì ń sọ ọ́ di 400mm ní f/5.6. Ìyẹn ni pé ìdajì ìmọ́lẹ̀ ni yóò kù fún ẹni tó bá lo ti àkọ́kọ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ni yóò sì kù fún ẹni tó bá lo ti ìkẹyìn. Ní ti ìsúnmọ́, mítà 1.4 tí lẹ́ńsì mi lè fi súnmọ́ nǹkan kò yí padà rárá, nítorí náà ẹni tó ń ya labalábá tàbí òdòdó yóò jèrè níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wo nọ́ńbà tó tóbi jù lọ, wọn a sì sanwó. Ìbéèrè tí èmi kọ́kọ́ bi ara mi ni pé, kí ni ohun yìí yóò fún mi tí n kò ní rí bí mo bá kàn gé fọ́tò náà lórí kọ̀ǹpútà? Fọ́tò D500 ní píksẹ́lì (àwọn àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 5568 ní ìbú àti 3712 ní òró. Bí mo bá gé fọ́tò 200mm títí tó fi bá ti 280mm dọ́gba, nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.5 ni yóò ṣẹ́kù nínú nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.7. Bí mo bá gé e dé ti 400mm, 2784 sí 1856 ló kù, kò sì ju mílíọ̀nù 5.2 lọ. Bí a bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà ní píksẹ́lì 300 fún íǹṣì kan, fọ́tò íǹṣì 9 sí 6 ni yóò jẹ́, bóyá pẹ̀lú èèrún díẹ̀ lé e.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń sọ pé teleconverter ń jẹ ìmọ́lẹ̀ kì í sábà sọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ti ara ẹyẹ náà wọ iwájú lẹ́ńsì kò dín. Ńṣe ni a tẹ́ ẹ sórí ààyè tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ènìyàn bá bomi sí ọbẹ̀, ọbẹ̀ a pọ̀, ẹran inú rẹ̀ kì í dín, kì í sì í pọ̀ sí i. Nítorí náà, bí mo bá fi ìyára ṣọ́tà kan náà (ìwọ̀n àkókò tí kámẹ́rà fi ń ṣí fún ìmọ́lẹ̀) ya ẹyẹ kan náà, yálà mo gé fọ́tò 200mm tí mo yà ní f/2.8 àti ISO 400 (ISO ni nọ́ńbà tí a fi ń mú kí fọ́tò mọ́lẹ̀ sí i nínú kámẹ́rà), tàbí mo yà á ní 400mm, f/5.6 àti ISO 1600, yanrìn-yanrìn tí yóò hàn lára ẹyẹ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bí mo bá ti tẹ méjèèjì jáde ní ìwọ̀n kan náà. Èrè tó wà nínú teleconverter ni píksẹ́lì tó pọ̀ sí i lórí ohun tí à ń yà. Ohun tí a ó fi san án ni pé gíláàsì rẹ̀ yóò dín bí àwòrán ṣe já gaara kù, fókọ́ọ̀sì yóò sì falẹ̀. Èyí tí èrè rẹ̀ bá borí àdánù rẹ̀ lórí lẹ́ńsì tèmi ni mo ń wá.

Mo gba Computer Village ní Ìkẹjà lọ. Sigma ní TC-1401 àti TC-2001, ṣùgbọ́n lẹ́ńsì tirẹ̀ ló ṣe wọ́n fún, nítorí náà n kò dúró lórí wọn. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń tajà gbé TC-20E III tòkunbọ̀ kan fún mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú onílọ́po méjì yìí, òun ló ń fa nǹkan súnmọ́ jù.” Mo ní, “Àbúrò, jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo inú rẹ̀.” Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi sí i láti ẹ̀yìn, nítorí pé ọ̀rinrin Èkó kì í fi gíláàsì sílẹ̀, fọ́ńgọ́ọ̀sì sì máa ń hàn bí okùn tínínrín tó ta káàkiri inú rẹ̀. Mo wo àwọn ojú irin tó ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ bóyá wọ́n ti dípẹtà. Mo sì wo ẹnu rẹ̀. Gíláàsì iwájú teleconverter wọ̀nyí yọ síta, inú ìdí lẹ́ńsì ló máa ń wọ̀, ìdí sì nìyẹn tí Nikon fi fi irin kékeré kan dí ẹnu rẹ̀ kí lẹ́ńsì tí kò bá jẹ́ AF-S, ìyẹn irú tí mọ́tò fókọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀, má lè wọlé. Àwọn kan máa ń rẹ́ irin náà kúrò kí wọ́n lè fi tipátipá so lẹ́ńsì mìíràn mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí, n kò ní rà á bó ti wù kó dínwó tó.

Ọ̀dọ́kùnrin náà gbà kí n dán teleconverter Nikon mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò láti orí bákónì òkè ilé náà. Mo dojú kọ pátákó ìpolówó kan tó wà ní òdìkejì òpópónà, nítorí pé lẹ́tà wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ́ kì í purọ́, mo sì ya ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí ojú lẹ́ńsì ṣí tán àti nígbà tí mo dín in kù díẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò 200mm tí mo gé. Ti TC-14E III borí èyí tí mo gé láti f/4 pàápàá. Ti TC-20E III rọ̀ ní f/5.6, ó sì ṣe dáadáa ní f/8, ṣùgbọ́n f/8 tún ti dín ìmọ́lẹ̀ kù sí ìdajì lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹyẹ tó ń lu ìyẹ́ sì ń fẹ́ ìyára ṣọ́tà tó tó 1/2000 ìṣẹ́jú-àáyá. Ti TC-17E II wà láàárín, n kò sì rí ìdí kan gúnmọ́ tí mo fi lè rà á.

Bákónì kì í ṣe ọ̀sà, ẹ̀gbọ́n mi kan nídìí iṣẹ́ yìí sì yá mi ní TC-20E III tirẹ̀ kí n lè rí i níbi tí iṣẹ́ gan-an wà. Ní ìdájí, kí oòrùn tó mú, mo lè ka nọ́ńbà ara ọkọ̀ ojú omi tó wà lọ́nà jíjìn ní 400mm. Nígbà tó fi máa di àárín òwúrọ̀, ooru tó ń ru lójú omi ti mú kí gbogbo ohun tó jìnnà máa gbọ̀n, àwọn òpó afárá Third Mainland ń rọ́ bí ẹni ń jó, èéfín ẹja láti apá Mákòókó sì ń bò wọ́n. Nínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, fọ́tò 400mm kò fi ohunkóhun kún èyí tí mo gé láti inú ti 280mm. Ní àsìkò ọyẹ́ ó tún máa ń burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Teleconverter kò lè fẹ ohun tí afẹ́fẹ́ ti bàjẹ́ kí ó sì tún un ṣe.

Fókọ́ọ̀sì ló parí ọ̀rọ̀ náà fún mi. Irú kámẹ́rà yìí máa ń fi ìmọ́lẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú lẹ́ńsì wọlé wéra láti mọ ibi tí nǹkan wà. Bí ojú náà bá ti ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìwéra náà ń ṣòro sí i. Ní f/5.6, D500 ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹyẹ náà bá yí ìyẹ́ padà lójijì, TC-20E III a fi í sílẹ̀, a sì lọ gbá omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ mú, kó tó padà wá. Pẹ̀lú TC-14E III, n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ohunkóhun wà láàárín lẹ́ńsì àti kámẹ́rà.

TC-14E III ni mo rà. Gíráàmù 190 ni ìwọ̀n rẹ̀, ti onílọ́po méjì sì jẹ́ 330, ìyàtọ̀ tí ọrùn máa ń mọ̀ lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Kí n tó gbé e jáde, mo gbé kámẹ́rà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo sì lo ètò àtúnṣe fókọ́ọ̀sì aládàáṣe tó wà nínú D500, nítorí pé àtúnṣe tó bá lẹ́ńsì nìkan mu lè má bá lẹ́ńsì àti teleconverter papọ̀ mu.

Ẹni tí lẹ́ńsì tirẹ̀ bá jẹ́ 200-500mm f/5.6E ní láti ṣírò tirẹ̀ lọ́tọ̀. TC-14E III yóò sọ ọ́ di 280-700mm ní f/8, nínú ojú fókọ́ọ̀sì 153 (àwọn ibi tí kámẹ́rà lè fi wá fókọ́ọ̀sì) tí D500 ní, 15 péré ló sì lè ṣiṣẹ́ ní f/8. Fún ọkọ̀ apẹja tó ń rìn jẹ́jẹ́, ìyẹn tó. Fún ẹyẹ tó ń fò, èmi yóò bọ́ teleconverter kúrò, n ó sì gé fọ́tò náà.